Sí Bàbá Ìbejì, Tó Fẹ́ Ra Mọ́tò Oníjókòó Méjì

Ẹ̀yin ọkọ ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àṣírí tí ẹ rò pé ó ṣì bò. Kò bò mọ́ o. Kẹ́hìndé ló sọ fún mi. Ó ní bí gbogbo ilé bá ti sùn, Dádì á jókòó sí kíṣìnì, wọ́n á máa wo mọ́tò pupa kékeré kan lórí fóònù, wọ́n á fi ìka méjì fẹ àwòrán rẹ̀ títí táyà kan ṣoṣo á fi gba gbogbo ojú fóònù. Mo bi í pé irú mọ́tò wo. Kò mọ orúkọ rẹ̀, ó kàn ní kò ní òrùlé, àti pé iná iwájú rẹ̀ máa ń dìde bí wọ́n bá tàn án. Ó parí. Mazda MX-5 ni, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Mk1, tí wọ́n ṣe láti 1989 títí di 1997.

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Bí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ máa ní ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí gbogbo àna bá ti kà, ẹ ò ní lè ní ẹ ò gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ènìyàn. Ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n mi, Táíwò, Kẹ́hìndé. Bí ẹ bá ti jókòó sídìí sítíárì, àyè ẹnì kan ló kù nínú mọ́tò yẹn, kò sí ẹ̀yìn, kò sí àárín, kò sí pé ká fún ara wa mọ́ra. Ta ni ẹ máa gbé? Mo mọ̀ yín, ẹ ó ní àṣà ti yanjú ẹ̀: Kẹ́hìndé ló máa ń rán Táíwò kó lọ tọ́ ayé wò, kí Táíwò wá lọ tọ́ mọ́tò wò kó padà wá jíṣẹ́. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún Kẹ́hìndé, kí ẹ wá rí ohun tó tún máa lọ sọ níta. Bí ẹ bá sì ní ìyá wọn lẹ máa gbé, ta ló máa dúró ti àwọn ọmọ? Èmi kọ́ o.

Ìyá wọn gan-an ńkọ́? Ẹ mọ bí gèlè ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ga tó. Bí òrùlé bá wà lókè, gèlè ò wọlé. Bí ẹ bá ká òrùlé sẹ́yìn, tí ẹ gba A2 tí ẹ sì tẹ iná, ẹ̀yin méjèèjì á dé òde ní Dartford, gèlè á ti sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Bùútù mọ́tò náà kò ju lítà 124 lọ. Kúlà ìrẹsì tí a máa ń gbé lọ òde, bó bá wọ ibẹ̀, ìdérí bùútù ò ní pa dé. Kí ẹ máa bọ̀ láti òde ńkọ́, pẹ̀lú abọ́, táwẹ́ẹ̀lì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹrù tí wọ́n ń há fún àlejò? Orí itan ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo rẹ̀ máa wà.

Mo sì ti gbọ́ àwọn àwíjàre tí ẹ ń kó jọ. Ẹ ní kì í jẹ epo. Lóòótọ́ kì í jẹ púpọ̀, ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo ara mọ́tò náà kò sì wọn tọ́ọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n orí Zafira tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ rà á lé. Ìnṣọ́ránsì kejì, owó orí mọ́tò kejì, MOT kejì, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún. Ta lẹ ń tàn? Ẹ tún ní owó lẹ fi ń pa mọ́, pé iye rẹ̀ á máa gòkè. Èyí tó ń gòkè ni èyí tó sùn sínú gáréèjì látìgbà tí wọ́n ti rà á, tí ẹni tó ni ín ń fi aṣọ bò. Èyí tí ẹ ń wò lórí fóònù yẹn, òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pa á láti bí ọgbọ̀n ọdún, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù sì ti jẹ ẹ́ lára.

Àwíjàre kẹta ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ ní bó bá yá ẹ máa gbé e wá sílé. Ilé wo? Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, òfin ò sì gba mọ́tò tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún wọlé. Bí àwọn aṣọ́bodè bá tiẹ̀ sùn lọ, ṣé kòtò ojú ọ̀nà náà máa sùn ni? Ìdí mọ́tò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Kòtò àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú eyín yín.

Kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀? Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé ìlú yìí lẹ ti ń ṣe iṣẹ́ òru, ẹ ti san owó ilé, ẹ ti fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹ ti ra bàtà ìbejì ní méjì-méjì. Ẹni tó ra agbádá sányán, ṣé a máa ń bi í pé ṣé á dín owó epo kù? Ó wọ̀ ọ́, ó wù ú, ó tán. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ni pé mọ́tò yìí kò wúlò fún ohunkóhun, ẹ sì fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá parọ́ fún un, inú irọ́ yẹn náà ni ontàmọ́tò máa bá yín. Ẹni tó ń wá mọ́tò tó máa mú èrè wá, iye owó rẹ̀ ló ń wò. Ẹni tó mọ̀ pé fàájì lòun fẹ́, ó máa ráyè wo abẹ́ rẹ̀.

Fàájì náà sì wà níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ti ní ọ̀kan rí, Mk2, ìyẹn ìran kejì rẹ̀, mi ò sì lè lọ ra mílíìkì kí n má gba ọ̀nà jíjìn bọ̀. Kì í ṣe eré sísá. Agbára ẹ́ńjìnnì 1.6 tó wà nínú èyí àkọ́kọ́ kò ju bí ẹṣin 115 lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Zafira yín, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń wa Golf á máa kọjá lára yín, wọ́n á sì máa bojú wẹ̀yìn. Ibi tí adùn wà ni pé ẹ jókòó sílẹ̀ pátápátá, ìdí yín fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí táyà ẹ̀yìn, táyà ẹ̀yìn yẹn ló sì ń ti mọ́tò. Ọ̀pá jíà kúrú, ọrùn ọwọ́ nìkan lẹ fi ń yí i, ó máa ń dún kẹ́ bó bá wọlé. Bí ẹ bá wọ kọ́nà, sítíárì á sọ fún yín bóyá ilẹ̀ tutù tàbí ó gbẹ, kí ẹ tó fi ojú rí i. Ní ogójì máìlì péré, lórí ọ̀nà tó ń yí kiri láàárín oko ní Kent, ẹ máa rò pé ẹ ń sáré. Àwọn tó ṣe é ní Hiroshima ní ẹṣin àti ẹni tó gùn ún làwọn fi ṣe àpẹẹrẹ, kí méjèèjì máa ronú bí ẹnì kan. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni yín, ẹni tó fi ẹṣin jagun ni baba ńlá yín, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé ìyẹn fún yín.

Ìtàn bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an dùn mọ́ mi. Bob Hall, akọ̀ròyìn mọ́tò kan ní Amẹ́ríkà, ló sọ fún Kenichi Yamamoto, ọ̀gá láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Mazda, ní òpin àwọn ọdún 1970, pé kí wọ́n ṣe mọ́tò kékeré aláìlórùlé, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe tẹ́lẹ̀. MG, Triumph, Lotus Elan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń jẹ́ kí tiwọn kú lọ nígbà náà. Ní 1980 ni MGB tó gbẹ̀yìn jáde ní Abingdon. Àwọn mọ́tò náà dùn wà, ṣùgbọ́n ọ́ìlì wọn máa ń jò sílẹ̀, òjò díẹ̀ báyìí wọn ò ní ṣíná. Ikọ̀ Mazda tí Toshihiko Hirai ṣe olórí rẹ̀ mú adùn, wọ́n fi wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Wọ́n gbé e jáde ní Chicago ní oṣù kejì ọdún 1989, ní oṣù kẹrin ọdún 2016 èyí tó pé mílíọ̀nù kan jáde, ìwé Guinness sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí mọ́tò aṣeré oníjókòó méjì mìíràn tó tà tó o. Kódà àwọn òyìnbó ń ra àlòkù rẹ̀ láti Japan, èyí tí wọ́n ń pè ní Eunos Roadster lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Tòkúnbọ̀ làwọn náà ń rà! Bí ẹ bá rí èyí tí máìlì ò sí lójú ìwọ̀n eré rẹ̀, tó jẹ́ kìlómítà ló wà níbẹ̀, òun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé aláwọ̀ pupa yẹn. Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ ń gbé. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ti di ULEZ, agbègbè tí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ burú ti ń sanwó; mọ́tò elépo tí kò bá dé ìwọ̀n èéfín Euro 4 máa san pọ́n-ùn 12.50 lójoojúmọ́ tó bá jáde. Ọ̀pọ̀ Mk1 àti Mk2 kò dé ibẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ti san ọrẹ kí ẹ tó dé ibi ọrẹ. Lóòótọ́, mọ́tò tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ bíi mọ́tò àtijọ́, kì í san. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1995 á bọ́ sí i ní bí ọdún 2035 kọjá; àwọn ìbejì á ti gba láísẹ́ǹsì tiwọn nígbà yẹn, àwọn ló máa wà á.

Mk3 ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ṣe láti 2005 títí di 2015. Àwọn tó gbọ́n ju ara wọn lọ máa ní ó sanra, pé kò dà bí àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sójú ìwé TfL, àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó dá yín lójú, ULEZ ò ní bá a wí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó jẹ́ lítà 2.0 lágbára ẹṣin 160, ṣéènì ló ń yí i nínú, kì í ṣe bẹ́líìtì tí ẹ máa pààrọ̀. Ìdí kejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, ni ikùn. Sítíárì Mk1 àti Mk2 kò ṣeé gbé sókè, kò ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n fi í sí ní Hiroshima ló wà títí ayé. Mk3 fẹ̀ nínú, sítíárì rẹ̀ sì ń gòkè. Láti ìgbà tí ẹ ti ń jẹ iyán ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà.

Wàyí o, ìdógùn-ún. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí ibí lowó yín máa gbà lọ. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò yìí kì í tètè kú. Ara rẹ̀ ló máa ń jẹra, láti inú wá síta, bí ẹ bá sì fi máa rí i lójú, ó ti tán nínú. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé aṣọ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ló ń ṣàn gbà, á bọ́ sínú ihò kékeré méjì tó wà lẹ́yìn ìjókòó, lọ́tùn-ún àti lósì, níbi tí bẹ́líìtì ti jáde. Láti ibẹ̀ ló yẹ kó gba abẹ́ mọ́tò jáde. Ewé igi àti ìdọ̀tí á dí ihò yẹn. Omi ò rọ́nà, á wọ inú irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pè ní sill, á jókòó síbẹ̀ láti ìgbà òtútù kan sí òmíràn. Ẹni tó ni mọ́tò ò mọ̀ nǹkan kan, á máa fọ̀ ọ́, á máa fi wáàsì ra á.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ lọ sójú ìwé ìjọba, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà, ẹ ka gbogbo MOT rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kà á bí ẹni ka lẹ́tà àlè. Ọdún kan, àyẹ̀wò ní sill ẹ̀yìn ti ń dógùn-ún. Ọdún kejì, ó ti burú sí i. Ọdún kẹta, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́, àfi pé wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú bo abẹ́ mọ́tò. Ìdógùn-ún kì í gbàdúrà kó sì sàn. Bí kò bá sí ìwé ẹni tó gé irin náà tó sì jó tuntun mọ́ ọn, abẹ́ ọ̀dà yẹn ló ṣì wà.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí onílé. Bó bá gbóná, ó ti kọ́kọ́ ṣíná sílẹ̀ kí ẹ má baà gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó tutù. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa padà wá. Bó bá tutù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ìjókòó, ẹ tẹ kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ òórùn ọwọ́ yín. Bó bá ń rùn bí aṣọ tí a ká tútù sínú àpò, omi ti wọlé. Ẹ tọrọ omi kọ́ọ̀bù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó á rò pé òùngbẹ ń gbẹ yín. Ẹ rọra dà á sí igun ibi tí òrùlé ti pàdé ara mọ́tò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo iwájú táyà ẹ̀yìn. Bí omi yín bá jáde síbẹ̀ kíá, ó dáa. Bí kò bá jáde, omi yín ti wà nínú sill pẹ̀lú omi àwọn ọdún tó kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ fi oríkèé ìka kan irin yẹn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Irin tó yè á dún gbangba. Ibi tó bá dún bọ̀bọ̀, tàbí tó ń rún lábẹ́ ìka, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ontàmọ́tò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Màmá wa ní ọjà Dùgbẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń ra aṣọ.

Ìyókù ò pọ̀. Ẹ yọ géèjì ọ́ìlì, torí Mk3 míì máa ń mu ún, ẹni tó ni ín kì í sì wò. Ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí orúkọ mẹ́rin bá wà lára táyà mẹ́rin, ẹ ti mọ irú ọwọ́ tó wà á. Jíà kejì lè ṣorí kunkun nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Bó bá ti gbóná tó ṣì ń lọ krr, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ìwé V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ló ni mọ́tò, ara ìwé náà gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí, torí náà ẹ wádìí bóyá gbèsè ilé-iṣẹ́ ayánilówó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bóyá wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí bíi mọ́tò tó ní ìjàm̀bá, èyí tí wọ́n ń pè ní Cat S tàbí Cat N. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ tàn yín. Mo mọ ojú yín sí àwọ̀ pupa.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni mo ráyè. Mk3 kan wà ní apá Maidstone, búlúù ni, MOT rẹ̀ mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tó ń tà á sì ṣèlérí pé òun ò ní ṣíná sílẹ̀ dè wá. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kí ọjọ́ náà tó dé, láìní àwíjàre kankan nínú. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ mú páálí ńlá kan tí a máa tẹ́ sílẹ̀, ẹ má wọ agbádá. Lọ́jọ́ tí ẹ wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dojú bolẹ̀ níwájú àwọn bàbá wa, alága ìjókòó ní kò tíì wọ òun lójú, ẹ dìde, ẹ tún dojú bolẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀yìn lẹ máa fi lélẹ̀, lábẹ́ mọ́tò, èmi ni màá sì ṣe alága. Bí mo bá ní kí ẹ padà wọlé lọ wo apá òsì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó padà wọlé.

Èmi ni,
Àbúrò ìyàwó yín